Kí Olúkúlùkù Ní Abẹ Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti mọ́ àwa olùkọ́ lẹ́nu ní orílẹ̀-èdè yìí tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í bi ara wa léèrè mọ́ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ náà ni: "Lò ó lẹ́ẹ̀kan, kí o sì sọ ọ́ nù." A ń fi kọ́ àwọn ọmọ nínú ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, a ń kọ ọ́ sí ojú pátákó, a sì ń fún ọmọ tí ó bá kà á lórí láìṣì ní máàkì. Mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjà ọmọ ìyá ni, kì í ṣe ìjà ọ̀tá. Ibi tí n ó sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà, àgbọ̀n àwa ọkùnrin ni, níbi tí irùngbọ̀n ń hù sí.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà ni páálí àwòrán kan tí wọ́n gbé wá sí iwájú mi kí n fọwọ́ sí i, kí a lè tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní apá òsì, wọ́n ya onígbàjámọ̀ arúgbó kan tí ó mú abẹ lọ́wọ́, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà àgbélébùú lé e láti orí dé ẹsẹ̀. Ní apá ọ̀tún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, réésà oníke àlòsọnù wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní máàkì àṣeyege. Abẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé abẹ àtijọ́ ń pa ènìyàn, réésà tuntun ń gba ẹ̀mí là. Èmi kò fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó gbé e wá ní ó yẹ kí olùbẹ̀wò tí ó ti kàwé dé òkè òkun jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní nítorí pé mo dé òkè òkun gan-an ni n kò ṣe ní fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi òtítọ́ fún ẹni tí ó ni ín. Onígbàjámọ̀ ayé àtijọ́, tí í gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká láti ìlú dé ìlú, abẹ kan náà ni í fi fá orí ènìyàn púpọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ó ń pọ́n ọn, ó ń nù ún sí ara awọ, ó sì rò pé omi àti ọṣẹ ti tó. Abẹ kan náà lè fá orí ọmọ tuntun ní òwúrọ̀, kí ó fá orí opó ní ọ̀sán, kí ó sì tún sín gbẹ́rẹ́ fún aláìsàn ní ìrọ̀lẹ́. Lónìí a mọ̀ pé kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B lè wà láàyè fún ọjọ́ méje, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò ní ara ènìyàn, àti pé ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò tilẹ̀ rí lè gbé e láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí ayé sì ti gbọ́ nípa àrùn éèdì, ní ọdún 1981, ni àwọn dókítà ti ń kìlọ̀ fún wa pé kí a yé fi irin kan gé ara ènìyàn méjì. Wọ́n jàre. Bẹ́ẹ̀ ni n kò pe ẹnikẹ́ni padà sí ilé olóòlà: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ti sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ ilà sí ara ọmọ, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi àwòrán náà léèrè: kí ni ó pa ènìyàn nínú ìtàn yìí? Ṣé gígùn abẹ ni? Ṣé pé ó pẹ́ láyé ni? Ṣé pé alágbẹ̀dẹ ni ó rọ ọ́? Kò sí ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí ó pa ènìyàn ni pé abẹ kan ṣoṣo lọ sí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ó bá sì jẹ́ pé àjọlò ni ọ̀tá wa, ẹ jẹ́ kí a wo èwo nínú abẹ àti réésà ni ó rọrùn jù láti lò ní àjọlò. Mo ti wọ ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí, mo rí réésà oníke kan ní ojú fèrèsé. Nígbà tí mo béèrè ẹni tí ó ni ín, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Kò sí ẹni tí ó ni ín, nítorí náà gbogbo wọn ni ó ni ín, ó sì dá mi lójú pé ibùsùn tí réésà náà kò tíì dé nínú iyàrá yẹn kò pọ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ní ilé onígẹrun púpọ̀, bíléèdì kan ni wọ́n ń ṣẹ́ sí méjì, tí ìlàjì kan yóò sì tún fá ju ènìyàn kan lọ kí wọ́n tó jù ú nù? Ara páálí nìkan ni "ìlò ẹ̀ẹ̀kan" wà. Tálákà kì í lo nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá sọ pé ó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí á bá a dé ilé.

Abẹ tí ènìyàn fi owó gidi rà, tí ó ń pọ́n, tí ó ń nù, tí ó mọ bí ó ti ń dún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò ní í yá ọmọ ìyá rẹ̀ pàápàá. Èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ìyókù tí n ó sọ, àlàyé rẹ̀ ni.

Kumasi ni mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ni Kumasi wá wá nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ìlú náà kò ṣàjèjì sí ìdílé Yorùbá. Àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí ti ń tajà ní ilẹ̀ Ghana tipẹ́tipẹ́. Àwọn onílẹ̀ ń pè wá ní Alata, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó wá láti ara àwọn aláta wa. Ọṣẹ dúdú wa ni wọ́n sì ń pè ní alata samina títí di òní yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ náà dára fún irùngbọ̀n ju èyí tí ń hó jáde láti inú agolo lọ. Asafo ni bàbá bàbá mi gbé. Ọ̀rọ̀ ogun ni orúkọ àdúgbò náà, nítorí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ni asafo jẹ́ ní èdè wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá ìwé náà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kúrò ní ilẹ̀ náà. Ènìyàn púpọ̀ kò lè gbé ju ohun tí orí àti ọwọ́ lè gbé lọ. Nínú ẹrù kékeré tí bàbá àgbà gbé délé ni abẹ kan wà, tí ń ká wọ inú èkù ìwo, tí a kọ orúkọ Sheffield sí ẹ̀yìn rẹ̀. Abẹ náà ni mo fi fá irùngbọ̀n mi ní òwúrọ̀ yìí. (Kí alátakò mi má sáré mú gègé: abẹ náà sùn nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ni ín, a pọ́n ọn ní àpọ́ntúnpọ́n, a sì fi sípíríìtì nù ún dáadáa kí ó tó kan ara mi.)

Nígbà tí mo dé Asafo, tí mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n gbé rí, mo rin ìrìn gba ẹ̀gbẹ́ ọjà, kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ VIP ti ń gbéra lọ sí Accra. Àwọn ilé onígẹrun pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú pátákó tí wọ́n ya oríṣiríṣi orí sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ará Ghana. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo dúró wò ni bàbá arúgbó kan tí ó jókòó sí abẹ́ ìbòòji, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní wanzam. Mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n wo àpótí rẹ̀. Abẹ wà níbẹ̀ tí a fi aṣọ wé lọ́kọ̀ọ̀kan, àmì sì wà lára aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kì í ṣe tòun. Ti àwọn oníbàárà òun ni. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àrùn ti gba orí rédíò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú abẹ tiwọn wá, ẹlòmíràn a mú tirẹ̀ lọ sílé, ẹlòmíràn a fi í sílẹ̀ fún un tọ́jú. Òkúta àti awọ nìkan ni ó kù tí ó jẹ́ tirẹ̀. Bàbá yìí, tí n kò rò pé ó rí páálí àwòrán kankan rí, ti rí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń ya àwòrán fún wa kò rí: ó mú àjọlò kúrò, ó sì fi abẹ sílẹ̀.

Ta ni ó tilẹ̀ kọ́ ayé láti máa sọ abẹ nù? Kì í ṣe dókítà. King Camp Gillette ni, ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1855, tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ kan ta ìdérí ìgò. William Painter, ẹni tí ó hùmọ̀ ìdérí náà, ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó wá ohun kan tí ènìyàn yóò lò tí yóò sì sọ nù, kí ó lè padà wá rà á. Ọgbọ́n ọjà ni, ẹ kíyè sí i, kò sí ọ̀rọ̀ àrùn níbẹ̀. Ní ọdún 1895 ni èrò bíléèdì pẹlẹbẹ wá sí i lọ́kàn. Àwọn onímọ̀ irin ní kò ṣe é ṣe, títí tí William Nickerson fi rí ọ̀nà rẹ̀. Ní ọdún 1903, tí ọjà bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá réésà 51 àti bíléèdì 168 péré ni ó tà. Ní ọdún 1904 ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí ohun tí ó hùmọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1918, ìjọba Amẹ́ríkà ti ń rà á fún àwọn ọmọ-ogun ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, àwọn ọ̀dọ́ náà sì gbé àṣà náà padà sílé. Ohun tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọkùnrin kan náà ti kọ ìwé ní ọdún 1894, tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní "The Human Drift", nínú èyí tí ó ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìdíje òwò, tí ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé fi í sílẹ̀.

Gillette tilẹ̀ ṣì fi ọ̀pá irin sílẹ̀ fún ènìyàn láti tọ́jú. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Bic mú ti oníke jáde, tí a ń sọ òun àti ọ̀pá rẹ̀ nù pọ̀. Lẹ́yìn èyí, bíléèdì bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i bí ehoro: méjì ti wà nínú orí kan láti ọdún 1971, ó di mẹ́ta ní ọdún 1998, ó di márùn-ún ní ọdún 2006. Kí ni irùngbọ̀n ṣe tí ó fi yẹ kí abẹ márùn-ún dìde sí i?

Níbi yìí ni mo fẹ́ kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fetí sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ara wa ni. Irun àwa aláwọ̀ dúdú kì í hù gbọọrọ. Láti inú ihò rẹ̀ ni ó ti ń ká. Nígbà tí abẹ bá pọ̀ ní orí kan, èyí tí ó ṣíwájú a fa irun sókè díẹ̀, èyí tí ó tẹ̀ lé e a gé e, irun tí ó kù a sì fà padà sí ìsàlẹ̀ awọ. Ẹnu rẹ̀ ti rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí ó bá fẹ́ hù jáde, a ká, a gún awọ láti inú, ara a sì wú, a di kókó tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní bọ́ǹpù. Nínú ìwé àwọn dókítà, wọ́n sọ pé láàrin ọgọ́rùn-ún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, àwọn tí irú kókó yìí ń yọ lára wọn lè tó 45 títí dé 83. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sì ń fún ni pé kí a lo abẹ kan ṣoṣo, kí a fi omi gbígbóná mú irun rọ̀, kí a fá a sí ibi tí ó dojú kọ, kí a má sì wá kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dán bí àwo. Ohun tí abẹ bàbá àgbà ń ṣe nìyẹn. N kò purọ́ pé òun nìkan ni ó lè ṣe é. Bíléèdì kan nínú ọ̀pá irin náà lè ṣe é, ẹni tí ó bá sì ní ọ̀pá irin tirẹ̀ ti bá mi dé ìdajì ọ̀nà. Olóríi márùn-ún ni kò lè ṣe é, òun gan-an sì ni wọ́n ń polówó fún wa lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀sùn mìíràn ni pé abẹ jẹ́ nǹkan ará oko. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtàn irin. Nígbà tí mo ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo lọ sí Abbeydale ní Sheffield, níbi tí wọ́n tọ́jú ilé ìyọ́rin àtijọ́ sí fún àwọn ènìyàn láti wò. Aṣe-aago kan, Benjamin Huntsman, ni ó ń wá irin tí yóò dára fún aago, tí ó fi rí ọ̀nà, ní nǹkan bí ọdún 1740, láti yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ títí tí yóò fi di irin líle tí kò ní àbùkù. Wọ́n ní àwọn alágbẹ̀dẹ Sheffield fúnra wọn kọ̀ ọ́ ní àkọ́kọ́ pé ó le jù. Lára irú irin bẹ́ẹ̀ ni abẹ Sheffield ti gba orúkọ. Ọlá ìmọ̀ ni, kì í ṣe ìwà ará oko. Bí a bá sì padà wá sílé, Ògún tí àwọn onígbàjámọ̀ ń bọ wà lára àwọn Ògún tí àwọn bàbá wa kà, nítorí wọ́n mọ̀ pé irin tí ó mú tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan àfọwọ́yẹpẹrẹ mú. Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ ti pọ̀ tó lára nǹkan kékeré yìí fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ni: ìtàn wà níbẹ̀, ìmọ̀ irin wà níbẹ̀, ìmọ̀ ara wà níbẹ̀. Kí ni ẹ̀kọ́ tí ó wà lára réésà oníke? N kò sọ pé kí a gbé abẹ lé ọmọ lọ́wọ́ o. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń fi bíléèdì gbẹ́ pẹ́ńsù nínú kíláàsì wa ti ní àpá tí ó tó.

Ní ti owó, ìṣirò rẹ̀ kò le. Ọkùnrin tí ó bá ń sọ réésà kan nù lọ́sẹ̀, yóò sọ 52 nù lọ́dún. Láàrin ọgbọ̀n ọdún tí olùkọ́ fi ń ṣiṣẹ́, yóò ti sọ 1,560 nù. Abẹ tuntun láti Solingen ní Jámánì kò pọ́ọ́kú, mo gbà, owó oṣù olùkọ́ kékeré kò sì lè gbé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú àpótí àwọn bàbá yín kí ẹ tó lọ sí ọjà. Wọ́n tún ń sọ pé ó ń jẹ àkókò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó ń gbà mí. Mo mọ àwọn olùkọ́ tí ń pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, n kò sì rí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní abẹ.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni "sọ ọ́ nù" fúnra rẹ̀. Sí ibo? Nínú iṣẹ́ ìbẹ̀wò mi, mo máa ń rìn yí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ ká kí n tó wọ kíláàsì, nítorí pé iwájú ni wọ́n ń gbá dè mí. Ní ẹ̀yìn náà ni kòtò ìdalẹ̀nù wà. Wọ́n ń dáná sun ún. Ike a jóná, a yọ èéfín dúdú tí ń wọ ojú fèrèsé kíláàsì kìíní, irin a sì kù sílẹ̀ nínú eérú. Òjò a rọ̀, a wọ́ ọ káàkiri pápá. Ọmọ tí kò ní bàtà a fi ẹsẹ̀ rí i. A ti mú ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá, a fi í sí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, a sì pe èyí ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó. Kí ẹni tí ó ya àwòrán náà ya kòtò yìí sí apá ọ̀tún rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń rẹ́rìn-ín, kí a wá wò ó bóyá máàkì náà yóò ṣì yẹ ẹ́.

Fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ gbìyànjú, ohun tí mo mọ̀ nìyí. Kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni kí ó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tí irun ti rọ̀. Kí ó gbá abẹ sí ara awọ ní nǹkan bí ogún ìgbà, kí ẹ̀yìn abẹ máa ṣíwájú, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gé awọ náà. Kí ó fi abẹ lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ó má nà án ró sí awọ ara. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì nìkan ni kí ó fá ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Kí ó fi àgbọ̀n àti ọrùn sílẹ̀ fún réésà tí ó ti ń lò tẹ́lẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ iṣẹ́. Bí ó bá fá a tán, kí ó fọ abẹ, kí ó fi sípíríìtì nù ún, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá kí ó tó ká a wọ inú èkù, nítorí pé ìpẹtà ni ó ń ba irú abẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́, pàápàá ní àsìkò òjò. Epo díẹ̀ ní ẹnu rẹ̀ kò burú. Kí ó gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Kí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ara àpò rẹ̀.